Ẹlẹ́rìndòdò kajú: bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé tí kò fi ní ha ọ̀fun, tí ìgò kò sì ní bẹ́

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fún omi kajú pé òun fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìndòdò. Omi náà lè máa ha á lọ́fun débi pé kò ní lè mu ju ìdajì ife lọ. Ó lè ti kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sì lè dùn, kó mọ́, síbẹ̀ kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ife, kò hó, kò pariwo. Ẹni tí gáàsì tirẹ̀ wá pọ̀ jù, ìgò ló máa ń bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìpele tí kálukú àléébù yìí ti ń wọlé yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da ṣúgà lé ohun tó ń ha ọ̀fun, wọ́n sì ń da yíìsì púpọ̀ sí èyí tí kò ní gáàsì. Oògùn yẹn kò bá àìsàn náà mu rárá.

Ní Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wẹ̀ títí dé Bùnú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, kóró kajú là ń tà. Èso rẹ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́ igi ló ń jẹrà sí. Torí náà kò sí ìdí kankan láti fi èyí tó ti bàjẹ́ ṣe é. Tí ẹ kò bá ní oko, ẹ bá ẹni tó ń já kóró sọ̀rọ̀ láàárọ̀, yóò fún yín ní èso náà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó tí kò tó nǹkan.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Ìwọ̀n tó wà níbí yìí yóò kún ìgò 50cl márùn-ún.

- Èso kajú tó pọ́n, kílò 3. Yóò fún yín ní omi bíi lítà kan ààbọ̀.
- Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ṣíbí ìpotíì 3 pẹrẹsẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ṣe gàárì ni kí ẹ ti rà á. Èyí tí wọ́n dì sínú páálí fún aṣọ, tí wọ́n ti fi búlúù sí, kì í ṣe ohun jíjẹ.
- Omi tó mọ́, lítà 1, àti ìdajì ife fún sítáàṣì.
- Ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 12 pẹrẹsẹ, ìyẹn bíi gíráàmù 150.
- Atalẹ̀ tútù tó tó àtàǹpàkò méjì.
- Ọsàn wẹ́wẹ́ 3.
- Yíìsì gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, èyí tí wọn kò tíì já tẹ́lẹ̀.
- Ìgò oníke tí mínírà wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, 6, pẹ̀lú ìdérí wọn. Ẹ̀kẹfà jẹ́ àfikún.
- Asẹ́ ògì tó mọ́, àrọ, àwo tánganran tàbí ti ike, àti ìkòkò tánganran tàbí ti irin tí kì í dógùn-ún.
- Bílíìsì tí kò ní òórùn dídùn, fún fífọ ìgò.
- Fíríìjì, tàbí kúlà àti yìnyín.

Ọ̀rọ̀ méjì kù lórí àwọn ohun èlò yìí. Àkọ́kọ́ ni ìgò. Ẹ yí i dojú dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ìgò mínírà ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi márùn-ún nísàlẹ̀, ike rẹ̀ sì nípọn, torí wọ́n ṣe é láti gba gáàsì. Ìgò omi lásán fẹ́lẹ́, gáàsì yóò wú u títí yóò fi dojú bolẹ̀ tàbí kó fàya. Ìgò ọtí tí a fi gíláàsì ṣe, tí a wá fi kọ́ọ̀kì dí, tí a tún fi okùn so, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ike bá bẹ́, omi ló máa dà. Bí gíláàsì bá bẹ́, ojú èèyàn ló lè lọ sí.

Èkejì ni ìkòkò. Omi kajú kò gbọdọ̀ kan irin dúdú, yálà ọ̀bẹ tó ti dógùn-ún tàbí ìkòkò àtijọ́, torí ó máa dúdú bí omi àdìrẹ ni. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù náà kò dára fún un, torí kíkan inú kajú máa ń mú adùn irin jáde lára rẹ̀.

Ní ti àkókò, ẹ ṣa kajú láàárọ̀, ẹ fún un lọ́sàn-án, kí sítáàṣì ṣiṣẹ́ lóru nínú ibi tútù, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò lọ́jọ́ kejì kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lójú yín ni gáàsì yóò ṣe wọ inú ìgò. Ẹni tó bá rọ ọ́ sínú ìgò nírọ̀lẹ́ tó wá lọ sùn, ariwo ló lè jí i.

Ìpele 1: Ẹ ṣà á, ẹ yọ kóró rẹ̀

Èso tó ti bọ́ láti àná, tí èèrà ti bò tàbí tí ara rẹ̀ ti là, ti ń kan láti inú wá. Ẹ já èyí tó pọ́n lórí igi, tàbí kí ẹ ṣa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tí ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Ìbáà jẹ́ pupa tàbí aláwọ̀ ìyeyè, kò burú. Èyí tí kò pọ́n tán ni kí ẹ yẹra fún, òun ló ń ha ọ̀fun jù.

Ẹ fi ọwọ́ lọ́ kóró rẹ̀ kúrò, tàbí kí ẹ fi òwú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn rẹ̀ ká kí ẹ fà á, yóò gé e kúrò láìfa èso náà ya. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé inú kóró. Epo tó wà nínú èèpo rẹ̀ máa ń bó awọ ara, bó bá sì kán sínú omi tí ẹ fẹ́ mu, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ gé ibi tí kóró ti kúrò dànù díẹ̀, bí ìnípọn èékánná. Ẹ fọ èso náà nínú omi méjì.

Aṣọ tó ti gbó ni kí ẹ wọ̀. Àbàwọ́n kajú kì í jáde.

Ìpele 2: Fífún

Ẹ gé èso náà wẹ́wẹ́ sínú asẹ́ ògì, ẹ ká a, kí ẹ fún un lé àwo tánganran bí ìgbà tí ẹ bá ń sẹ́ ògì. Ẹ má fi bùlẹ́ńdà lọ̀ ọ́. Lóòótọ́ omi rẹ̀ á pọ̀ sí i, àmọ́ gbogbo awọ àti fọ́nrán rẹ̀ ló máa bá a wọlé, bẹ́ẹ̀ ara awọ yẹn gan-an ni ohun tó ń ha ọ̀fun pọ̀ sí. Omi tí ẹ fi ọwọ́ fún máa ń rú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti omi ògì bàbà tó ṣàn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ gbé e sínú fíríìjì tàbí sáàárín yìnyín. Láàárín oṣù Kẹta, tí oòrùn ń mú, omi kajú tó wà nílẹ̀ gbalasa á ti máa yọ ìfófò láàárín wákàtí mélòó kan, kíkan ló sì máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìpele 3: Sítáàṣì ni yóò mú ìhaǹfun kúrò

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ohun tó ń ha ọ̀fun nínú kajú ni wọ́n ń pè ní táníìnì. Ṣúgà kò lè mú un kúrò, ńṣe ló máa kàn bò ó mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ahọ́n yóò sì tún gbẹ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì. Táníìnì yìí máa ń dì mọ́ sítáàṣì tí a ti sè, àwọn méjèèjì á wúwo, wọ́n á sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ po ṣíbí ìpotíì 3 sítáàṣì sínú ìdajì ife omi tútù títí kò fi ní kókó. Ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré títí yóò fi dán, tó sì ń fà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tutù pátápátá. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwo rẹ̀ tí ẹ ṣì gbọ́ ooru, kò tíì tó. Sítáàṣì gbígbóná kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú omi kajú. Á kàn tàn ká inú rẹ̀ ni, ohun tí ẹ máa ní lọ́wọ́ yóò sì dà bí ẹ̀kọ olómi.

Bó bá ti tutù, ẹ bu omi kajú ife kan lé e, ẹ pò ó kó dọ́gba, kí ẹ tó dà á sínú gbogbo ìyókù. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 2. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ẹ ó rí i tí omi náà ń dì ní wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí mílíìkì bá bàjẹ́. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ bò ó, ẹ dá a padà sínú ibi tútù, ẹ má sì mì ín mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Bí kò bá sí iná, tó jẹ́ kúlà àti yìnyín lẹ ní, wákàtí mẹ́fà tó.

Lówùúrọ̀, omi tó mọ́, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò wà lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. Ẹ rọra da tòkè sínú ìkòkò láti inú asẹ́ ògì. Ìgbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá fẹ́ bá a lọ ni kí ẹ dáwọ́ dúró. Ìwọra níbí ló ń ba ọjọ́ kan gbáko jẹ́, torí ife kan tí ẹ ń wá nísàlẹ̀ yẹn ló máa dá ìhaǹfun padà.

Ẹ fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò láìfi ṣúgà sí i. Ẹ gbé e mì, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú kan. Bí etí ahọ́n kò bá gbẹ, tí ọ̀fun kò sì fà, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá ṣì ń ha díẹ̀, ẹ se sítáàṣì ṣíbí ìpotíì kan péré, kí ẹ tún un ṣe fún wákàtí mẹ́ta sí i. Ẹ má ṣe fò ó kọjá, torí kò sí ìpele mìíràn níwájú tó lè tún un ṣe.

Ìpele 4: Síse

Ẹ fọ́ atalẹ̀ nínú odó. Ẹ kó o sínú omi kajú pẹ̀lú lítà omi kan àti ṣúgà, kí ẹ gbé e kaná. Kò gbọdọ̀ hó kùtùkùtù. Bí èéfín bá ti ń rú dáadáa tí ìfófò wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ìkòkò, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ooru yìí ló ń pa kòkòrò àìrí tó ń sọ kajú di kíkan, kí yíìsì tí ẹ fẹ́ fi sí i lè dá iṣẹ́ ṣe láìsí alábàádù. Ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sẹ́ atalẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Ẹ tọ́ ọ wò. Ó yẹ kó dùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ kó dùn lọ díẹ̀, torí yíìsì máa jẹ nínú ṣúgà náà. Ṣúgà atọ́wọ́dá tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò kò wúlò níbí: yíìsì kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè sọ ọ́ di gáàsì.

Ìpele 5: Ìgò àti yíìsì

Nígbà tó ń tutù lọ́wọ́, ẹ po bílíìsì ṣíbí ìjẹun kan mọ́ lítà 4 omi, ẹ rẹ ìgò àti ìdérí sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má da omi gbígbóná sínú ìgò, yóò sún kì, ẹnu rẹ̀ yóò sì wọ́, ìdérí kò ní dé e dáadáa mọ́.

Ìwọ̀n yíìsì ló ń ya èyí tó dáa sọ́tọ̀ sí èyí tó ń bẹ́. Fún gbogbo ìgò márààrún, ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣíbí ìpotíì ni. Kò sẹ́ni tó ní ṣíbí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nílé, torí náà ẹ da ṣíbí ìpotíì kan pẹrẹsẹ sórí ìwé funfun. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ní ìlà tó gùn, ẹ pín in sí méjì, ẹ pín ìdajì kan sí méjì, ẹ tún pín ìyẹn sí méjì. Òkìtì kékeré tó kẹ́yìn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí orí ìka méjì lè há lọ, ni tiyín. Yóò dà bíi pé kò tó. Ó tó.

Ẹ kán omi kajú náà sí ọrùn ọwọ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ gbígbóná, tí ẹ kò sì gbọ́ tútù, ó ti tó àkókò. Ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́rin ife kan nínú rẹ̀, ẹ wọ́n yíìsì sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá yọ ìfófò díẹ̀ lójú, ó wà láàyè, kí ẹ dà á sínú ìyókù kí ẹ rò ó. Bó bá dákẹ́, ó ti kú, ẹ wá òmíràn. Ẹni tó da yíìsì sínú omi tó ṣì gbóná ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè é pa, kó má wá bínú sí ìgò.

Ìpele 6: Ẹ rọ ọ́, ẹ dé e, ẹ máa ṣọ́ ọ

Ẹ rọ ọ́ títí yóò fi ku ìka méjì sí ẹnu ìgò. Ẹ dé ìdérí pinpin. Ẹ dojú ìgò kọ̀ọ̀kan dé inú agbada omi kí ẹ fún un lára. Bí omi bá ń yọ kúnúkúnú létí ìdérí, ẹ pààrọ̀ ìdérí náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ tò wọ́n sínú garawa tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ bẹ́, inú garawa ló máa parí sí.

Ẹ ra mínírà kan tí kò tíì ṣí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun ni òṣùwọ̀n yín. Láti wákàtí kẹfà lọ, ní wákàtí méjì-méjì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìkùn mínírà yẹn, kí ẹ tẹ tiyín. Níbẹ̀rẹ̀ tiyín yóò jìn wọ inú. Nígbà tó bá yá yóò máa ta ìka padà. Ọjọ́ tí ooru bá mú, ó lè le láàárín wákàtí 8 sí 14. Nígbà ọyẹ́, tí òru bá tutù nini, ó lè tó wákàtí 24 sí 36, ẹ sì lè gbé garawa náà sítòsí ààrò. Ẹ má fi aago dá a mọ̀. Ìka ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Bó bá ti le bí òṣùwọ̀n yín, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí rèé: gáàsì tó wà nínú mínírà kò gbà ju ṣúgà bíi gíráàmù 15 lọ nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ tiyín ní tó gíráàmù 100. Yíìsì kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Òtútù nìkan ló ń dá a dúró, kò sì pa á.

Bí ìgò bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, tàbí 36 nígbà ọyẹ́, tí ìdérí kò sì jò, yíìsì ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá dùn, tí òórùn rẹ̀ kò yí, ẹ lè fi yíìsì tuntun sí i. Bí nǹkan onírun, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, bá hù lójú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ìpele 7: Mímú tutù àti ṣíṣí

Wákàtí 8 nínú fíríìjì ló kéré jù. Gáàsì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú omi tí kò tutù. Òkè rẹ̀ ló máa ń wà, bí ẹ bá sì ṣí i, gbogbo rẹ̀ á tú jáde pẹ̀lú ìdajì ohun mímu yín. Ẹni tó ní òun ṣe é títí kò hó nínú ife, ó lè jẹ́ àìtutù nìkan ni. Bí kò bá sí iná, ẹ rì í sínú yìnyín tí ẹ bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí, kí ẹ sì mu gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ yóò wà nísàlẹ̀ ìgò, yíìsì ni. Ẹ má mì ín. Ẹ yí ìdérí díẹ̀ títí yóò fi sọ ṣìì, ẹ dé e padà, ẹ tún yí i. Tí ìfófò bá rọlẹ̀, ẹ ṣí i tán. Nínú ife, ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni ó yẹ kó hó. Ó yẹ kí ẹ ṣì máa rí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń gòkè lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ 5. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, pàápàá bí iná bá ti lọ fún ìgbà pípẹ́. Èyí tó bá ti le ju mínírà lọ, ẹ tú gáàsì rẹ̀ díẹ̀.

Ọtí wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré

Níbi tí yíìsì ti ń ṣe gáàsì ló ti ń ṣe ọtí. Bí ẹ bá gbé e sínú òtútù lásìkò, kì í sábà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àmọ́ ó wà níbẹ̀, bí ìgò bá sì pẹ́ lóde yóò máa pọ̀ sí i ni. Ẹ má fún ọmọdé tàbí aboyún, ẹ má sì gbé e fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láìsọ fún un. Fún irú wọn, ẹ dúró sí Ìpele 4, ẹ dín omi lítà kan yẹn kù sí ìdajì kó lè ki, kí ẹ mú un tutù, kí ẹ wá bu ìlọ́po méjì omi sódà tútù tí wọ́n ń tà nínú ìgò lé e nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mu. Gáàsì rẹ̀ pé, kò sì sí ọtí níbẹ̀. Pípo páúdà ìṣekéèkì mọ́ ọn kí ó lè hó, èmi kò ní gbà yín níyànjú; adùn rẹ̀ dà bíi ti omi kánún.

Bí àsìkò kajú bá ti kọjá

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló rọrùn jù láti fi rọ́pò rẹ̀. Èyí tó tóbi kan, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi títí yóò fi pé lítà kan ààbọ̀, bùlẹ́ńdà kò burú fún eléyìí. Kò nílò sítáàṣì. Ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kó má bàa ku fọ́nrán nínú rẹ̀, torí fọ́nrán ló máa ń mú kí ó tú jáde bí a bá ṣí i. Láti Ìpele 4 lọ, ohun kan náà ni, àfi pé ọsàn wẹ́wẹ́ kan ti tó.